Kọ́lífáyà kì í pawó: ìrírí mi nídìí bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ń ṣe ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mọ ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Premier League ni ti òpin ọ̀sẹ̀, Champions League ni ti ọjọ́ Tuesday àti Wednesday. Bí ife ẹ̀yẹ àgbáyé bá dé, àyè ìdúró gan-an là ń gbowó lé. Ṣùgbọ́n kọ́lífáyà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń wá àyè wọ ìdíje ńlá? Kí kọ́lífáyà ọ̀hún tún wá jẹ́ tàwọn obìnrin? Bí mo bá kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH á dúró kà á, wọ́n á wojú mi, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ti Chelsea ńkọ́?"

Àdúgbò Under G ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọkọ mi ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun mójú tó o fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà la ṣì wà yìí. Ìyá Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n, àti lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn. Èyí tó sì là mí lójú jù ni kọ́lífáyà àwọn Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nigeria, tí kò mú owó epo jẹnẹrétọ̀ wọlé lọ́dún tí mo kọ́kọ́ fi í hàn.

Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni. Super Falcons àti Ivory Coast ló ń wàákò nítorí Olympics tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Tokyo. Ìpàdé méjì ni irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́: ẹ lọ sílé wọn, wọ́n wá sílé yín, wọ́n á wá ro gòólù ti méjèèjì pọ̀. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní Abidjan lọ́jọ́ kẹta oṣù náà, òdo sí òdo. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò ló ní ó ti bùṣe, kí wọ́n sáà máa bọ̀ nílé. Bàbá Mẹkáníìkì, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ mi, nìkan ni kò bá wọn yọ̀.

"Ìyá Bọ́ọ̀lù, òdo yẹn ò dáa o."

"Báwo ni kò ṣe dáa, Bàbá? Wọn ò kúkú nà wá."

"Wọn ò nà wá lóòótọ́, àwa náà ò sì rí nǹkan kan mú bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹyọ kan bá wọ àwọ̀n wa ní Agege, méjì la máa fi san án."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sáàárín pátákó. Ó kọ 0-0 sí apá kan, ó kọ 1-1 sí apá kejì, ó wá fi ìka tí epo dúdú ti bò tẹ 1 ti Ivory Coast mọ́lẹ̀. Ó ní, "Eléyìí ni yóò lé wa lọ." Àpẹẹrẹ lásán ló ń ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ keje, ní pápá Agege l'Ékòó, ohun tó kọ yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀, 1-1. Nínú ìpàdé méjèèjì, ẹnì kankan ò na ẹnì kankan, síbẹ̀ Ivory Coast ló tẹ̀síwájú, torí òfin tí wọ́n lò ni pé bí àpapọ̀ bá dọ́gba, gòólù tí èèyàn gbá wọlé nílé onílé ni yóò borí. Super Falcons kò lọ sí Tokyo. Ìgbà tí wọ́n ti lọ sí Olympics gbẹ̀yìn ni ti Beijing lọ́dún 2008.

Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà kò tó èyí tó lè kún bẹ́ǹṣì iwájú, àwọn náà sì ń bi ara wọn bóyá rẹfirí ò ní fi àkókò kún un. Kò yé wọn pé ó ti parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n yí bí mo ṣe ń kọ pátákó padà. Títí dòní, bí mo bá kọ kọ́lífáyà, èsì ti àkọ́kọ́ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì kọ OHUN TÍ A NÍLÒ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: "ká borí pẹ̀lú gòólù méjì" tàbí "ọ̀mì tó wa." Mi ò mọ̀ pé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè pe èrò. Ọkùnrin tó ń kọjá lọ ra búrẹ́dì á kà á, á ní irọ́ ni, gòólù kan ti tó, ẹlòmíì á dá a lóhùn, kí n tó mọ̀, àwọn méjèèjì ti wọlé jókòó láti wo ẹni tó máa járe. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹgbẹ́ kan ń wá, kò ṣòro fún un láti jókòó ti òdo sí òdo fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Wàhálà àwòrán wá ńkọ́! Ẹni tí kò bá wá kọ́lífáyà obìnrin rí kò lè mọ̀. Dìkódà tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù kì í sábà gbé e. Orílẹ̀-èdè tó bá gbàlejò ló máa ń fi í sórí YouTube tàbí Facebook nígbà míì, ká tó rí ibi tó wà, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń bá mi mójú tó ẹ̀rọ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi wáyà so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ká ra dátà, ká so ó, ká máa gbàdúrà. Agbábọ́ọ̀lù á gbẹ́sẹ̀ sókè báyìí, àwòrán á dúró, ẹsẹ̀ á wà lókè, bọ́ọ̀lù á wà lójú òfurufú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa kígbe mọ́ fóònù. Nígbà tó bá tún rìn, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti àárín pápá, a ò sì mọ ẹni tó gbá a wọlé.

Èyí tó burú jù ni rédíò. Ti íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò níta á pariwo "góòòlù!" nígbà tí àwa ṣì ń wo aṣọ́lé wọn tó ń to bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Mo wá ṣòfin. Rédíò ò gbọdọ̀ sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá sì ṣí livescore, ibi tí wọ́n ti ń rí èsì bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀, lórí fóònù á jáde, owó rẹ̀ ò ní padà. Àwọn ọmọ tẹ́tẹ́ bínú sí mi nítorí òfin yìí, torí orí livescore ni gbogbo ayé wọn wà. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ Saturday nítorí Arsenal.

Lílọ tí wọ́n lọ ló fa ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ tó wà lódìkejì títì ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Ṣọ̀ún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, sìgá, àti èébú." Kò fi kún un. Èmi náà ò bi í mọ́. Mo fi bẹ́ǹṣì iwájú sílẹ̀ fún wọn, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ mu sìgá lọ mu ún lẹ́yìn ilé, ìdajì owó ni mo sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ bàtà bọ́ọ̀lù wá. Ọkọ mi gbọ́ nípa ìdajì owó yìí ní Ìlọrin, ó ní ṣé ìjọba ló ń bá mi sanwó iná ni.

Ìgbà tí Super Falcons ń wá ọ̀nà Olympics Paris ni bẹ́ǹṣì iwájú kọ́kọ́ kún. Ọ̀nà yẹn gùn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Ethiopia ní Addis Ababa, ìlú tó ga ju 2,300 mítà lọ, níbi tí èémí ti máa ń ṣòro fún àlejò tó bá ń sáré. 1-1. Wọ́n fi 4-0 lé wọn ní Abuja. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n lọ bá Cameroon ní Douala, òdo sí òdo. Bàbá Mẹkáníìkì tún ti bẹ̀rẹ̀: "Ìyá Bọ́ọ̀lù, òdo yìí..." Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ò jẹ́ kí nǹkan kan wọ àwọ̀n wọn ní Abuja, Esther Okoronkwo gbá ẹyọ kan wọlé, ó tó.

South Africa ló kù, àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2022. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní Abuja lọ́jọ́ Friday, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Wọn ò tíì gbá a débì kan nígbà tí bàbá kan wọlé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ìyá."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ọmọ mi obìnrin ni mò ń wá. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ló wà."

Ọmọ náà ti rí i láti orí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ti dìde, ó kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá fojú ara yín wo ibi tó jókòó. Bí ibẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa mú un lọ." Mo gbé àga fún un. Kò fẹ́ jókòó, ó fara ti ògiri. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi ni rẹfirí fún wa ní pẹnárítì, ọmọbìnrin onírun búlúù kan sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó gbá a wọlé. Ariwo sọ. Bàbá yìí bi mí lábẹ́ ohùn pé, "Ọmọ ta nìyẹn?"

"Rasheedat Ajíbádé ni, sà. Mushin ní Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà."

"Ọmọ Ajíbádé!" Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó mọ bàbá ọmọ náà. Lẹ́yìn ìsinmi ló wá jókòó, ó sì wò ó parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó ní kí ọmọ òun máa sọ ibi tó bá ń lọ kó tó kúrò nílé. Ohun tó bá a wí mọ náà nìyẹn.

Ìpàdé kejì bọ́ sí Tuesday, ọjọ́ kẹsàn-án, ní Pretoria. Lọ́la rẹ̀ ni ọdún Ìtunu Ààwẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Arsenal máa gbá Bayern, Real Madrid máa gbá Manchester City. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú òwò mi. Àwọn ọmọ Arsenal ti ń wá láti ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè rí àyè, wọ́n bá obìnrin lójú tẹlifíṣọ̀n méjèèjì, ni wọ́n bá ń ké pé, "Mọ́mì, ẹ yí i!" Mo ní ẹni tó sanwó Arsenal ló ni àkókò Arsenal, èyí tó wà níbẹ̀ yìí, àwọn ọmọ iwájú ló ni ín.

Ohun tí mo kọ sí pátákó lọ́jọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: KÍ WỌ́N MÁ GBÁ WỌLÉ. A ti fi ẹyọ kan ṣáájú, ọ̀mì ti tó wa. Bí wọ́n bá gbá ẹyọ kan wọlé, àpapọ̀ á di 1-1, wọ́n á gba àfikún àkókò. Àwọn ọmọ Arsenal kà á, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí ìlàjì kejì wọ̀ dáadáa, kò sí ẹni tó rántí London mọ́. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù gíga wá síwájú Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé wa, gbogbo wa la máa ń fò pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó gbààwẹ̀ ń fi dàbínù ṣínu láìwo ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Ìyá tó ń ta àkàrà nítòsí gbé abọ́ rẹ̀ wọlé, ó dúró, ó ní kí wọ́n má tíì bá òun nájà. Mo ti rí 3-3, mo ti rí ibi tí wọ́n ti na ara wọn ní méje, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú àyà èèyàn já bíi òdo tó o fẹ́ kó máa jẹ́ òdo. Òdo náà ló sì jẹ́. Nigeria padà sí Olympics lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún.

Arsenal gbá ọ̀mì 2-2 lálẹ́ ọjọ́ náà, Madrid àti City gbá 3-3. Mo ta omi tútù tán.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni Zambia da ohun tí Bàbá Mẹkáníìkì ń kọ́ wa rú. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá nílé tó sì fìdí rẹmi, kó lọ di ẹrù rẹ̀. Morocco na Zambia 2-1 ní Ndola, nílé wọn. Zambia lọ sí Rabat, wọ́n gba àfikún àkókò, wọ́n fi 2-0 na Morocco, Barbra Banda ló gbá méjèèjì wọlé, àwọn ló sì gba àyè kejì tí Áfíríkà ní. Mo fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní Zambia ò ka ìwé òfin ni.

Ní Olympics Paris náà, Brazil, Spain àti Japan na Super Falcons lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀. Àwọn tí kò wo ẹyọ kan nínú kọ́lífáyà ló bú wọn jù. Mo ṣàkíyèsí èyí, mo sì ti rí irú rẹ̀ ní Morocco lọ́dún 2022. Ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà náà gan-an, kọ́lífáyà ló jẹ́ fún ti àgbáyé: ẹgbẹ́ mẹ́rin tó bá dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ló gba tíkẹ́ẹ̀tì. Super Falcons na Cameroon 1-0, Ajíbádé náà ló gbá a wọlé, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ti parí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Morocco wá fi pẹnárítì lé wọn jáde, tí wọ́n ti gba káàdì pupa méjì, èébú tí mo gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá àfẹnusọ. Mo ń sọ fún wọn pé a ti wọ ife ẹ̀yẹ àgbáyé, wọn ò gbọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n ń bú yìí na Australia 3-2 nílé rẹ̀, England ò sì rí wọn lé lọ àfi pẹ̀lú pẹnárítì.

Ẹ mọ̀ ti oṣù keje ọdún 2025. Morocco ti fi 2-0 ṣáájú ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, a gba ife pẹ̀lú 3-2. Lọ́jọ́ náà gbogbo ayé ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin, mo pa owó, mi ò ní purọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré, ẹgbẹ́ tó gba ife náà tún ní láti wá tíkẹ́ẹ̀tì èyí tó kàn. Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bá pàdé. Lomé ní Togo ni wọ́n ti gbá èyí tó yẹ kó jẹ́ tilé Benin, àwa la borí pẹ̀lú 2-0. Ti ìkejì wáyé ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ pápá Ṣọ̀ún wá bọ́ọ̀sì kékeré kan, mo fi owó epo kún un, wọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, tòun ti tírélà tó ń pàdé ara wọn níbi tó fún, mọ̀ pé ọkàn mi ò balẹ̀ títí wọ́n fi pè mí láti Ìbàdàn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn Benin ni ìyá kan tó ń ta òkìrìkà wà, ọmọ Kétu ni. Àwọn ọmọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Yorùbá lèmi náà, ẹ̀yin ọmọ yìí, àwọn òyìnbó ló fa ìlà sáàárín wa." Nígbà tí Benin gbá wọlé, ìró ìyá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ já. 1-1 ló parí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ni ti ọ̀mì pẹ̀lú Benin. Mo fi ọwọ́ han pátákó: 3-1 ni àpapọ̀. Ó ti tán.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, mo rò pé gòólù ni wọ́n máa ròyìn. Èyí tó wù wọ́n jù ni ohùn. Ọ̀kan ní, "Mọ́mì, wọn kì í dákẹ́! Aṣọ́lé ń pariwo, àwọn ẹ̀yìn ń pariwo, 'yí padà, ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ.'" Tẹlifíṣọ̀n kì í jẹ́ ká gbọ́ ìyẹn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ariwo àwọn ọmọ òun ní pápá ti ń dé àdúgbò Tákíè.

Ife ẹ̀yẹ àgbáyé tó ń bọ̀ lọ́dún 2027, Brazil ni. Fún ẹni tó ń ṣe irú òwò tèmi, àlàyé kan wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa ní apá ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ wọn á di ti òru lọ́dọ̀ wa. Mo ti lọ bá bàbá onílé, kó jẹ́ kí n máa ṣí di òru nínú oṣù náà, kí n sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé kó má dí wọn lóorun.

Bàbá wò mí. "Ìyá Bọ́ọ̀lù, ṣé wọ́n ti pegedé ni?"

"Wọn ò tíì pegedé, sà. Ó ku ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ti Morocco."

"Ẹ wá ń tọrọ òru lọ́wọ́ mi láti ìsinsìnyí?"

"Bàbá, tí wọ́n bá pegedé tán, ẹ máa fi kún owó ilé."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n lọ wá jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo. Bàbá Mẹkáníìkì ní òun mọ ibi tí ọ̀kan wà.